Ilẹ̀kùn Kan Ṣoṣo

Ọjọ́ Àlàmísì ni mo tú ikùn kọ̀ǹpútà náà.
Eruku inú rẹ̀ kún àwo.
Mo fi búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń kun èékánná gbá a,
mo fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ẹni ń fẹ́ná,
ó dákẹ́, ó ń wò mí.

Ṣọ́ọ̀bù mi kò ju ibi tí ọkọ̀ ojú omi kan lè sùn sí,
lẹ́bàá ọ̀sà, ní Ẹ̀pẹ́.
*Fọ́tò páásì, ìṣẹ́jú márùn-ún*, bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ọ́ sára pátákó.
Ìṣẹ́jú márùn-ún ti di ọ̀sẹ̀ méjì
láti ìgbà tí ayédèrú tí Gàníyù tà fún mi
ti kó àrùn wọlé.
Mo sanwó o. Mo tún ní kó ṣeun.
Ojú igba ènìyàn ló tì pa:
Ìyá Rábíátù tó ń múra Mẹ́kà,
àwọn apẹja Òkè-Balógun tó fẹ́ gba káàdì ẹgbẹ́.
Lẹ́tà kan jókòó sójú mọ́níítọ̀,
ó ní kí n sanwó kí n tó rí àwọn ènìyàn mi.
Ẹni tí ejò ṣán kì í bẹ ejò lóògùn.

Tìjání, ọmọ àbúrò mi, àgùnbánirọ̀ ní Jọ́ọ̀sì,
ló kọ́ mi lórí fóònù.
“Àǹtí Múíbátù, irinṣẹ́ kan wà
tí gbogbo ayé jọ ni.
Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè ṣí inú rẹ̀ wò,
kó tún un ṣe, kó gbé e fún ẹlòmíràn.”
Mo ní, lọ́fẹ̀ẹ́? Nínú Ẹ̀pẹ́ yìí,
níbi tí a ti ń sanwó kí omi òjò tó gba iwájú ilé kọjá?

Ìlà funfun kan ń rìn lójú dúdú.
Ó dé orí mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún,
ó jókòó, ó ń ro ayé rẹ̀.
Iná lọ.
Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo.
Ṣé kí n tẹ̀síwájú? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó dá ọ lójú? Bẹ́ẹ̀ ni.
Wọn ò bi mí tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi.

Èyí tó ń kun àwòrán ló kọ́kọ́ jí.
Fọ́tò kan ló ṣẹ́kù sínú fúláàṣì:
Lásísì, ọkọ mi, lórí afárá onípákó,
omi ti jẹ etí rẹ̀ òsì.
Mo mú awọ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo fi mọ etí.
Kò dà bí etí. Mo pa á rẹ́.
Nígbà ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ mi.

Èyí tó ń ṣọ́lé ni mo fi sẹ́yìn.
Ó ní ilé mi ní ilẹ̀kùn tó lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́ta,
èmi tí mo rò pé ẹyọ kan ni, tí àgádágodo sì wà lẹ́nu rẹ̀.
Mo ti gbogbo wọn.
Ó tún na ìka: fóònù kan wà lórí nẹ́tíwọ̀kì mi
tí kì í ṣe tèmi,
aago mọ́kànlá òru sí aago kan, lójoojúmọ́.
Gàníyù! Ọwọ́ bà ọ́ lónìí.
Mo wo ibi tó ń lọ.
Ìbéèrè ìdánwò Fíṣíìsì. Kẹ́mísírì. Fíṣíìsì.

Mo ká kọ́tìnì.
Wàhídì, ọmọ Bàbá Aláwọ̀n, ló jókòó
sórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.
Ìmọ́lẹ̀ fóònù wà lágbọ̀n rẹ̀.
Ó gbé e sókè, ó gbé e sápá ọ̀sà,
ó ń wá ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tì.
Fọ́tò fọ́ọ̀mù ìdánwò rẹ̀
wà lára igba tó há.

Mo padà síwájú ẹ̀ṣọ́ mi tuntun.
Ó ní kí n kọ orúkọ àlejò. Mo kọ ọ́.
Ṣé ó dá ọ lójú? ó bi mí.

Lóde, ọmọ náà ti tún doríkodò.