Kókó Kẹta

Okùn àwọ̀n ni mo fi wọn orúnkún Bàbá Bùráímọ̀,
òórùn ẹja ṣì wà lára rẹ̀.
Mo so kókó méjì: ọ̀kan fún òwúrọ̀,
ọ̀kan fún ìrọ̀lẹ́, nígbà tó bá wú.

Irin àga tó kán, sípíríǹgì kẹ̀kẹ́,
rọ́bà inú táyà:
mo kàn wọ́n pọ̀ lẹ́yìn ilé wa ní Ẹ̀pẹ́.

Ó wọ̀ ọ́ dé etí ọ̀sà.
Ó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀, kò di ẹnikẹ́ni mú.
Mo ti ń gbọ́ ìyìn kó tó lanu.

Wọ́n pe ìrun Alásárì.
Irin tẹ̀ dé ìdajì, ó ní ó tó.
Bàbá tú u, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà,
ó fi ìrora forí balẹ̀.

“Múínátù, irin rẹ mọ ìdúró.
Ta ni yóò kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀?”

Lálẹ́ yìí mo kúnlẹ̀ sórí ẹní,
èmi tí orúnkún kò dùn rí,
mo ń fi ìka wá ojú ibi tí egungun ti ń yí.
Kì í dúró lójú kan.
Bí mo ṣe ń tẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń sún.

Mo fa okùn náà yọ.