Àáyá Ṣẹ́jú

Páálí rẹ̀ dúdú, ó ń dán bí ẹ̀yìn ẹja àrọ̀.
Ọwọ́ méjèèjì ni Rọfíátù fi gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù mi,
bí ìgbà téèyàn bá gbé ọmọ tí a kò tíì sọ lórúkọ.
"Oṣù mẹ́jọ ni mo fi tu owó rẹ̀ jọ, Bùráímọ̀.
Bá mi wò ó dáadáa,
kó má jẹ́ orúkọ lásán ni wọ́n tà fún mi."

Mo tú síkírù mẹ́rin,
ìkarùn-ún ti sọnù láti èṣí.
Mo fẹ́ eruku Òkè-Bàlógun kúrò nínú àpótí kọ̀ǹpútà,
mo yọ káàdì àtijọ́, arúgbó tó ti ń wúkọ́,
mo ti tuntun bọ ojú ihò.
Ó dún kó.
Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ yìí kò lè mọ bí ìró yẹn ṣe ń dùn tó.

Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí:
ọgọ́fà àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan.
Ìyẹn ni pé kí àáyá tó pa ojú dé, kó tó là á,
ọgọ́fà àwòrán ti gba iwájú rẹ̀ kọjá.
Mo rẹ́rìn-ín sínú.
Àáyá ti ẹni tó kọ ọ́, inú yìnyín ló ń gbé.
Kò mọ ooru abẹ́ páànù l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ lóṣù kẹta,
kò mọ iná tó ń wọlé bí ẹni ń tọrọ gáfárà.
Ẹ jẹ́ ká bi àáyá tiwa.

Omi ni mo fi dán an wò.
Ilé rọrùn, ògiri kì í yí ipò padà;
omi ló ń tú àṣírí káàdì.
Mo ṣí iṣẹ́ tí Rọfíátù ti ń yà látọdún tó kọjá:
ọ̀sà ní ìdájí, obìnrin kan tó ń tukọ̀,
ojú oró káàkiri, oòrùn tó ń wọ́ bọ̀.
Ẹ̀ẹ̀kíní: mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún.
Ẹ̀ẹ̀kejì: mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún.
Omi náà ń ṣàn bí òróró, kò ta gbọ́n-ọ́n.
Rọfíátù fọwọ́ bo ẹnu.
Mo ní kó má tíì yọ̀,
ẹ̀yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú la ó mọ ẹni tó lẹ́mìí.
Nígbà tó yá, fáànù ń hu bí ẹ̀fúùfù nínú ìgò,
ooru rẹ̀ gun mẹ́rìnlélọ́gọ́rin,
àwòrán já wá sí mọ́kànlélọ́gọ́ta.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀. N kò bu iyọ̀ sí i.

Bàbá Sàlámì, apẹja Ayétòrò,
tó wá gba iná sí fóònù rẹ̀,
ti dúró lẹ́yìn wa látìgbà yẹn.
Ó na ìka sí gíláàsì:
"Ibo latẹ́gùn ti ń fẹ́?"
A wo ojú ara wa.
"Ìgbì ń lọ sébùúté, ojú oró ń lọ ságbami.
Ta ló ń tì wọ́n?"
Kò sí òǹkà tí mo ní tó lè wọn ìyẹn.
Rọfíátù bú sẹ́rìn-ín. Ó dákẹ́.
Ó fa àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ojú oró padà lọ́kọ̀ọ̀kan,
bàbá ń darí rẹ̀ bí ẹni jókòó síwájú ọkọ̀.

Wọ́n mú iná lọ.
Àáyá di ojú.
Nínú òkùnkùn, irin káàdì ń tutù, ó ń ké tín-tín,
òórùn ọ̀sà, tí kò sí nínú páálí kankan,
gba ojú fèrèsé wọlé.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo kọ ìdájọ́ mi sẹ́yìn páálí:
Ó dára. Kò tó bí wọ́n ṣe wí.
Fi fáànù kan kún un.
Má gbé e sórí jẹnẹrétọ̀ kékeré.
Nísàlẹ̀, Rọfíátù fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́:
Atẹ́gùn láti gúúsù.
Bàbá ń bi mí bóyá fóònù òun ti kún.
Ogún nínú ọgọ́rùn-ún péré ni, bàbá.
Ẹ padà wá lọ́la.