Nítorí Koríko

Nítorí koríko la ṣe wá omi,
nítorí omi ni koríko fi kú.
Bó ṣe rí nìyẹn, mi ò bù mọ́ ọn.

Oṣù kejì ni, ọyẹ́ ṣì ń ha ètè èèyàn bí ayùn,
ni mo ránṣẹ́ pe àwọn tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ wá sí Gwàrínpà.
Ọkọ̀ wọn wúwo ju ilé lọ.
Ó gba géètì wọlé, ó fi táyà mẹ́wàá
tẹ pápá tí Adéọtí ti ń tọ́jú fún ọdún mọ́kànlá.
Àpáta ni wọ́n bá. Àpáta lábẹ́ àpáta.
Ìyẹ̀fun eérú ń tú jáde bí ẹ̀lùbọ́ tó bàjẹ́,
ó bo koríko, ó bo fèrèsé, ó bo ajá aládùúgbò.
Lọ́jọ́ kẹta wọ́n ká irin wọn:
"Ọ̀gá, kò sómi níbí o."
Owó ńkọ́? Owó ti wọlẹ̀ tòun ti irin.

Adéọtí ò bú mi.
Ó kàn wo ipa táyà méjèèjì,
tó jìn bí ojú ẹni tí kò sùn,
ó ní, "Ó dáa náà," ó padà sídìí ààrò.
Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi jẹ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀.

Ìyàwó Bàbá Gímbà máa ń ru igi ìdáná kọjá níwájú ilé wa,
léjìká, bí àwọn Gbagyi ṣe ń gbẹ́rù:
wọ́n ní orí lọba, a kì í di ẹrù ru ọba.
Òun ló bá mi pe ọkọ rẹ̀.
Ó dé tòun ti ọkọ́ kan àti àpò ìgbẹ́ màlúù méjì.
Kò wò mí. Ilẹ̀ ló wò.
Ó fi ìka gún un, ìka kò wọlé.
Ó ní, ní Háúsá tí mò ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀,
"Ẹ ti tẹ̀ ẹ́ pa. Kò ráyè mí."

Oṣù kan gbáko, a ò gbin nǹkan kan.
A kó ìyẹ̀fun àpáta dànù, bárò lórí bárò.
Ó ń fi irin ṣóńṣó lu ilẹ̀ níhò, níhò,
bí ẹni ń gún ẹran kí iyọ̀ lè wọ̀ ọ́.
Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká ra tuntun, ká tẹ́ ẹ bí ẹní."
Ó rẹ́rìn-ín, ó tọ́ka sábẹ́ igi máńgòrò
níbi tí táyà kò dé:
"Èyí tó mọlé ni ká fi tún ilé ṣe."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó ń mu omi inú ọ̀rá,
ó ní, láìwò mí,
"Oko bàbá mi nìyí. Ọkà bàbà ni, títí dé òkúta ọ̀hún.
Mo kéré nígbà tí ìjọba wá fi ọ̀dà funfun sàmì sí i."
Mo wá ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, mi ò rí.
Ìwé ilẹ̀ mi wà nínú àpótí, ó ní òǹtẹ̀ mẹ́ta.
Ó ká ọ̀rá náà sápò, ó padà sídìí ọkọ́.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lóru ọjọ́ Jímọ̀,
àrá ń bú lápá òkè Bwárí.
Ilẹ̀ mọ́, àwa mẹ́ta wà lórí ìkúnlẹ̀.
Adéọtí náà jáde, ó wọ bàtà mi.
À ń ki gbòǹgbò bọlẹ̀, ìka méjì síra wọn.

Oṣù keje nìyí. Ipa táyà ti di,
àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, ó ṣì rẹlẹ̀ díẹ̀,
omi máa ń dúró níbẹ̀.
Láàárín pápá, nínú ìgbẹ́ màlúù yẹn,
ọkà bàbà kan ṣoṣo hù.
Ọmọ tó ń bá wa gékoríko ní kóun fà á tu.
Adéọtí ní, "Fi í sílẹ̀."
Ó ti ga dé ìbàdí mi.

Tó bá yọrí,
èjìká ni màá fi gbé e lọ fún un.