Àmù Tó Sán

Aago méjì ti kọjá lóru ní Gáà Àkànbí.
Jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ẹ̀yìnkùlé ti kú,
fóònù mi nìkan ló lajú.
Méje àti mẹ́jọ ló wà lọ́wọ́ mi, pupa méjèèjì.
Ọba kan, mẹ́sàn-án kan, mẹ́fà kan nílẹ̀:
mo gbé owó kalẹ̀, ó gbé tirẹ̀ tì í.
Èjì bọ́ sílẹ̀. Mo tún gbé e. Òun náà tún gbé e,
wẹ́rẹ́, bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹun.
Márùn-ún tàbí mẹ́wàá ni mo ń wá.
Ẹ̀ta ló dé, sípéèdì,
ìkẹta irú ẹ̀ nílẹ̀.

Kò sójú tí mo lè wò, kò sọ́wọ́ tó ń gbọ̀n.
Orúkọ lásán ni, Àkùkọ41, àti àwòrán bàtà ẹsẹ̀ kan.
Ó lè jẹ́ dókítà ní Jọ́ọ̀sì.
Ó lè jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún
tó ń họ ẹ̀pà jẹ nínú yàrá tó kángun sí tiwa.

Ṣé kí n tún halẹ̀ ni?
Irọ́ tó máa dúró ní baba, ó ní ìyá,
ó mọ ilé tó sùn lánàá.
Bí mo bá ní sípéèdì ló wà lọ́wọ́ mi,
ṣé ìrìn onísípéèdì ni mo ti ń rìn bọ̀?
Ó jọ ọ́. Ó kù díẹ̀ kó jọ ọ́.

Ìyá ìyá mi mọ ìkòkò ní Òkèlele.
Bí àmù kan bá sán nídìí, tínrín bí irun,
á tò ó mọ́ àwọn tó kù, á máa fa ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ẹ̀.
Oníbàárà tó bá fi ìka kàn án, tó ń ná an, tó ń bú u,
ti gbé e délé lọ́kàn ara ẹ̀.
Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn án lẹ́ẹ̀mejì tó dákẹ́,
“Gbé e kúrò níwájú ẹ̀,” ni Màmá máa ń wí fún mi,
“etí ẹ̀ ti gbọ́.”

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án ló kù.
Ẹgbẹ̀rún méjìlélógún wà nílẹ̀, mẹ́rìnlá ló kù sí mi lápò,
kì í sì í ṣe tèmi tán.
Àkùkọ41 ti kàn mí lẹ́ẹ̀mejì.
Mo gbé àmù mi kúrò.

Ó ṣí ọwọ́ ẹ̀: éèsì kan, mẹ́fà kan.
Mẹ́fà lásán!
Ì bá sá. Àbí kò ní sá.
Ta ni kí n bi?

Ibẹ̀ ni mo wà tí Sẹ̀fíyà fi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn:
“Owó ilé-ìwé Bàríyà ńkọ́? Ọ̀la ni wọ́n dá o.”
“Ó wà níbẹ̀,” mo ní.
Ó yá jù lẹ́nu mi.
Kò fèsì.
Ó fi ìka kan pákó ilẹ̀kùn, kó, kó,
ó dákẹ́.