Ife Omi Tó Jìnnà sí Ọwọ́

Ilé kan ṣoṣo ló wà ní Kétu
tí wọ́n ti ń gba arúgbó tó ti sú ilé
tàbí arúgbó tí ilé ti sú; n kò mọ èwo ni tiwa.
Òmíràn wà l'Ájàṣẹ́, lọ́dọ̀ àwọn màsẹ́ẹ̀rì,
owó ibẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì,
Ègùn ni wọ́n sì fi ń kí èèyàn láàárọ̀.
Ìyá mi Àwẹ̀ró ti gbàgbé orúkọ mi,
kò tíì gbàgbé èdè Kétu.
Ta ni yóò dá a lóhùn níbẹ̀ bó bá ké lóru?

Kọ́lájọ tẹ̀ mí láago láti Gàbọ́ọ̀n:
"Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu."
Mo ní o ṣeun.
Òwe kì í yí arúgbó padà lórí ẹní
ní aago méjì òru. Mo pa fóònù.

Lọ́jọ́ kìíní, mo ti ránṣẹ́ ṣáájú.
Wọ́n ti gbálẹ̀ dé títì,
wọ́n wọ àwọn arúgbó láṣọ funfun
bí ọmọ tó fẹ́ gba kòmúníọ̀n.
Ọ̀gá ilé ń fi hàn mí: fèrèsé rèé, ìwé àṣẹ ìjọba rèé.
Mo ń mi orí bí ẹni tó mọ ohun tó ń wò.
Ta ló kọ́ wa bí a ti í yan irú ilé báyìí?
A mọ bí a ti ń yan iṣu, a ó fi èékánná ha á.
A mọ bí a ti ń yan ọkọ, a ó bèèrè ohun tó pa bàbá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.
Oòrùn dúró ní àtàrí. Imú mi ló kọ́kọ́ wọlé:
ìtọ̀ àná, ọṣẹ òní.
Ó dáa, ẹni tó ń fọ nǹkan ṣì wà níbẹ̀.
Mo wo èékánná wọn. Mo wo gìgísẹ̀,
ibi tí egbò àsùnpẹ́ ti ń yọjú.
Mo wo ètè, bóyá ó gbẹ.
Omi la fi ń wọn èèyàn níhìn-ín,
ní ìlú tí ìyá mi ti í bá àkùkọ jí
nítorí ìkòkò omi kan.

Ife wà lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan.
Ó kún, ó mọ́, wọ́n fi àwo bò ó,
ó sì fi apá kan jìnnà sí ọwọ́.
Bàbá kan ń wò ó bí ẹni ń wo ọkọ̀ tó ti lọ.
Ó pè mí ní Felisité. Mo jẹ́ ẹ.
Mo sún ife náà mọ́ ọn.

Ìbíyẹmí tó ń tọ́jú wọn
kò bínú, kò sì purọ́:
"Àwa méjì ni fún arúgbó mọ́kàndínlógún.
Bí ife bá sún mọ́ wọn, wọn a dà á nù.
Ta ni yóò pààrọ̀ aṣọ ibùsùn?"
Bó ti ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń pa orí ìyá àgbà kan,
àfi bí ẹni pé ọwọ́ náà ò sọ fún un.
Mo wo ọwọ́ yẹn ju fèrèsé lọ.

N kò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.
Ṣọ́ọ̀bù mi ti wà ní títì láti oṣù mẹ́ta.
Lánàá mo jágbe mọ́ ìyá mi nítorí ó tọ̀ sára,
ó sì bẹ̀ mí bí àlejò ti í bẹ onílé.
Ilé tèmi gan-an,
bí ẹnìkan bá yà síbẹ̀ lójijì lọ́sàn-án,
kí ni yóò rí?

Mo mú un lọ lọ́jọ́ ọjà,
pẹ̀lú ogún ife ike olómorí àti okùn.
Ìbíyẹmí rẹ́rìn-ín, ó wá bá mi so wọ́n mọ́ ibùsùn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo tún yà láìsọ tẹ́lẹ̀.
Mọ́kàndínlógún ṣì so, ti ìyá mi wà nínú wọn.
Ti bàbá tó ń pè mí ní Felisité ti já,
ó ti yí bọ́ sábẹ́ ibùsùn.
Mo kúnlẹ̀.
Okùn ṣì kù díẹ̀ lápò mi.