Àrúndínlọ́gọ́ta

Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n kó wa sí nílé ìwòsàn yìí ní Hull,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tí wọ́n ti ń fọ aṣọ àwọn aláìsàn.
Ẹ̀rọ ń kùn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.
Fèrèsé kan ṣoṣo la ní;
bàtà àwọn tó ń kọjá la fi ń mọ̀ bí òjò bá ń rọ̀.
N kì í ṣe dókítà. N kì í ṣe nọ́ọ̀sì.
N kì í fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.
Ohun tí dókítà bá kọ ni mo ń kà,
tí mo ń sọ di lẹ́tà kan àti nọ́ńbà mẹ́ta,
kí àwọn tó ń ka owó lè mọ ohun tí wọ́n ń sanwó fún.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, fáìlì kan wọlé:
ọmọbìnrin, ọdún mẹ́sàn-án, láti Hérátì.
Orúkọ rẹ̀ wà níwájú mi. N ò ní í pè é.
Egbò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ó fẹ̀ tó owó pẹ́ńsì méjì,
etí egbò náà ga bí ẹnu ihò èèrà.
Kò dùn ún, kò sì jinná, oṣù méje gbáko.
Wọ́n fi ìpara pa á, wọ́n fún un lóògùn,
egbò kọ̀, kò gbọ́.
Ìyá rẹ̀ sọ fún ògbifọ̀ pé
egbò ọlọ́dún ni wọ́n ń pè é nílé àwọn,
nítorí ọdún kan ló ń gbé lára ènìyàn kó tó kó ẹrù rẹ̀.
Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀: leṣimáníà.
Ó wá fi àmì ìbéèrè síwájú rẹ̀.

Àmì ìbéèrè! Òun ló ń dá mi lóró.
Ká ní ó kọ ọ́ pé "a gbà pé òun ni", ǹ bá kọ ọ́.
Àmì ìbéèrè ò ní nọ́ńbà.
Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ;
ìwé nìkan lèmi lè wò.
Mo kọ ọ́ pé egbò awọ ara, tí a ò pín sí ibòmíràn.
Glenys ní, "Òfin lo tẹ̀ lé. Má wò ó lẹ́ẹ̀mejì."
Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ibùdókọ̀, afẹ́fẹ́ odò Humber ń gbá mi létí.
Mo ń ro ti kantíkantí inú yanrìn,
tí kò tó ìdajì ẹ̀fọn,
tí ìyẹ́ rẹ̀ kì í dún,
tó jẹ ọmọ yẹn lóru kan tí ooru lé wọn sùn sórí òrùlé.
Kò mọ Hull. Òtútù ibí ì bá pa á kó tó bà.
Ṣùgbọ́n ohun tó fi sílẹ̀ sọdá ààlà mẹ́fà láìgba físà,
ó jókòó sẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọ, ó ń jẹun.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni èsì dé. Wọ́n ti rí i.
Dókítà tún un kọ, láìsí ìbéèrè.
Mo pa egbò aláìlórúkọ rẹ́.
Mo tẹ B. Mo tẹ àrúndínlọ́gọ́ta.
Mo fi àmì ìdánudúró sí i, mo tẹ ení.

Ọwọ́ mi ò kúrò lórí bọ́tìnì.
Lẹ́nu Glenys, àádọ́ta ni, tí márùn-ún gùn lé lórí,
ó kó jọ, ó tó.
Lédè tí wọ́n fi tọ́ mi, ọgọ́ta ni nọ́ńbà yìí ń wò lọ́ọ̀ọ́kán,
ó sì ń sọ fún ọ pé márùn-ún ò sí níbẹ̀.
Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́ lọ́kàn mi:
ọmọ kan, ó dín òrùlé ilé wọn,
ó dín awọ tó tó pẹ́ńsì méjì,
ó dín orúkọ rẹ̀.

Mo fi ránṣẹ́.
Fáìlì tó kàn: bàbá kan, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
ó yọ̀ ṣubú lórí yìnyín, níwájú ilé ara rẹ̀.