Bátìrì Lábẹ́ Abíyá

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.
Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi to alákàn sínú páálí
nílé-iṣẹ́ ẹja létí èbúté Vardø,
mi ò bi ọ̀kan ṣoṣo léèrè ohun tó ń rí.
Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì ni mo lọ ra ojú kẹta:
kámẹ́rà dúdú, ó wúwo bí ìdákọ̀ró,
owó rẹ̀ tó ẹ́ńjìnnì tuntun fún ọkọ̀ Oddvar.
Oddvar ọkọ mi wo rìsíìtì, ó wò mí.
"Ragnfrid, fóònù rẹ kì í ya fọ́tò mọ́ ni?"
Mo dákẹ́. Mo ń wá ibi tí wọ́n ti ń tàn án.

Ọjọ́ kìíní, àwòrán mẹ́rìndínlógójì,
gbogbo wọn dúdú bí inú àgbá.
Mo ti ń ṣépè fún ẹni tó ṣe é
kí n tó rí i pé ọmọrí ṣì wà lójú rẹ̀.

Ìwé ìlò rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí àgbà tó ń pa àlọ́:
nọ́ńbà tó kéré, òun ni ojú tó là gbàgàdà;
nọ́ńbà tó tóbi, òun ni ojú tó fún pinpin.
Mo fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́
bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ jí ìwé wò.
Mo dojú rẹ̀ kọ ẹyẹ òkun. Ẹyẹ ò dúró;
ìlà funfun kan ló kù, bí ẹni fi àkísà nu gíláàsì.
Lálẹ́, mo ní kó fi tipátipá ríran nínú òkùnkùn.
Ó ríran lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó da iyọ̀ sí gbogbo nǹkan
bí ẹni fẹ́ sá ẹja gbẹ.
Mo ya Oddvar níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe:
ojú àwọ̀n hàn kedere, mo lè kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan;
ojú Oddvar lẹ́yìn wọn ló di èéfín.
Ó ní, "Ó jọ pé àwọ̀n lo fẹ́."

Yìnyín ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi dá a padà fún ẹni tó tà á.
Gbogbo ìlú funfun báláú,
eérú ni ẹ̀rọ ń gbé fún mi.
Aslaug, tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó kí orúnkún tó dá a jókòó,
ló là mí lójú nídìí kọfí:
"Ẹ̀rọ ò mọ funfun. Kò mọ dúdú.
Ohunkóhun tó bá rí, àárín ló fẹ́ gbé e sí.
Ìwọ lo máa sọ fún un pé yìnyín ni.
Fi ìmọ́lẹ̀ kún un. Má bẹ̀ ẹ́."
Mo fi kún un. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì funfun,
inú mi dùn débi pé mo jẹ búrẹ́dì Aslaug tán láìmọ̀.

Oṣù kìíní ọdún, ọjọ́ tí oòrùn ń ti àjò dé.
Oṣù méjì la ti fi iná mànàmáná pe òwúrọ̀.
Àwọn ọmọ iléèwé gun orí odi àtijọ́, búrẹ́dì oníṣúgà lọ́wọ́ wọn.
Láti aago mẹ́wàá ni mo ti gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dúró,
nọ́ńbà pé, ìmọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n.
Ìlà wúrà kan yọ lórí òkun.
Mo tẹ̀ ẹ́.
Kámẹ́rà kú.

Òtútù ti fa bátìrì mu tán.
Mo yọ ọ́, mo tì í bọ abẹ́ abíyá,
èmi ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, mo dúró gbagidi
bí adìyẹ tó sàba lórí ẹyin kan ṣoṣo,
oòrùn sì ń wọ̀ lọ.
Oddvar ní, "Ó ti lọ o."

Mo dá bátìrì padà. Agbára rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ.
Mo yí kámẹ́rà kúrò lójú òkun.

Àwòrán náà wà lára fíríìjì wa báyìí.
Ó wọ́ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ pọ́n bí ẹyin ẹja,
Aslaug di ojú, ọmọ kan ń lá ṣúgà lọ́wọ́,
Oddvar gbójú sókè, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀,
ó ń wo ibi tí oòrùn wà tẹ́lẹ̀
bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ, tí kò tíì dáhùn.

Kò dárúkọ ẹ́ńjìnnì mọ́.
Lánàá, ó kàn béèrè iye tí wọ́n ń ta bátìrì kejì.